Wíwò kọ́ ni rírí: ọ̀rọ̀ lórí kámẹ́rà tó ń ṣọ́ ojú awakọ̀ òfuurufú

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ òótọ́ fún alákàn tó ń rìn létí omi, ó jẹ́ òótọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún awakọ̀ òfuurufú tó gbé igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn sẹ́yìn rẹ̀. Orí tirẹ̀ nìkan kọ́ ni ojú rẹ̀ ń ṣọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ní àwọn ibìkan ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń fi kámẹ́rà ṣọ́ ojú awakọ̀ nígbà tó bá ń kọ́ṣẹ́. Kámẹ́rà náà ń sọ ibi tí ojú rẹ̀ lọ, bí ojú náà ti pẹ́ tó níbẹ̀, àti ibi tí ojú rẹ̀ kò dé rárá. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, wọ́n á fi í hàn án kí ó lè tún ìwà ojú rẹ̀ ṣe. Àwọn elédè Faransé ń pe ìmọ̀ yìí ní oculométrie. Àwa lè pè é ní títọ ipasẹ̀ ojú.

Èrò tèmi ni pé ohun rere ni. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ rere lè di ohun búburú bí a bá gbà á lọ́wọ́ olùkọ́, tí a sì gbé e fún adájọ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ojú ti ń ṣiṣẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ na apá yín síwájú. Ẹ gbé àtàǹpàkò yín sókè, kí ẹ sì tẹjú mọ́ èékánná rẹ̀. Ibi tí ojú yín ti ń rí nǹkan kedere lásìkò yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju èékánná náà lọ. Ẹ ń rí ilé, igi àti àwọn ènìyàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n bàìbàì ni. Bí wọ́n bá kọ lẹ́tà kékeré kan síbẹ̀, ẹ kò lè kà á àfi bí ẹ bá yí ẹyinjú yín sí i.

Ìdí nìyí tí ojú fi ń fò kiri. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè fò nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó fò, ó dúró díẹ̀, ó tún fò. Ìgbà tó bá dúró ni ó ń rí nǹkan. Ojú yín ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ìwé yìí ní ìsinsìnyí. Nígbà tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, ojú rẹ̀ a máa pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, a sì máa padà sẹ́yìn lọ wo ohun tó ti kà kọjá. Bí ó bá ti ń mọ̀ ọ́n sí i, ojú rẹ̀ á máa fò jìnnà sí i, kò sì ní máa pẹ́ ní ibì kan mọ́.

Ní Paris, ní nǹkan bí ọdún 1879, dókítà ojú kan tó ń jẹ́ Émile Javal kọ̀wé lórí bí ojú ti ń fò nígbà tí a bá ń kàwé. Ọ̀rọ̀ Faransé náà, saccade, ni àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ púpọ̀ ṣì ń lò fún un títí di òní. Nítorí náà, lórí ìwé kíkà ni ìmọ̀ yìí ti gbilẹ̀ kí ó tó wọ inú ọkọ̀ òfuurufú.

Iṣẹ́ tó wà níwájú ojú awakọ̀

Níwájú awakọ̀ òfuurufú, aago pọ̀. Ọ̀kan ń sọ bí ọkọ̀ ti ń sáré tó. Ọ̀kan ń sọ bí ó ti ga tó. Ọ̀kan ń fi hàn bóyá imú ọkọ̀ kọjú sókè tàbí sílẹ̀, àti bóyá ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òmíràn ń sọ ìhà tí ó dojú kọ, òmíràn sì ń sọ bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ tuntun, wọ́n ti kó púpọ̀ nínú àwọn aago wọ̀nyí jọ sójú dígí kan bíi ti tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò yí padà. Nínú ìkúukùu tàbí ní òru dúdú, àwọn ni awakọ̀ ń gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí pé ara a máa tan ènìyàn jẹ. Ó lè dá a lójú pé tààrà ni òun ń lọ, nígbà tí ọkọ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Kò sí ẹni tó lè wo gbogbo aago wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan náà. Èékánná kan ṣoṣo ni ojú ń rí kedere. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé ojú rẹ̀ yípo láti orí ọ̀kan sí èkejì láìdáwọ́ dúró. Ìwé ìkọ́ni tí àwọn aláṣẹ òfuurufú Amẹ́ríkà ṣe dárúkọ àṣìṣe mẹ́ta tó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Èkíní ni kí ènìyàn tẹjú mọ́ aago kan títí, kí ó gbàgbé àwọn yòókù. Èkejì ni kí ó fo aago kan, kí ó má wò ó rárá. Ẹ̀kẹta ni kí ó gbára lé aago kan tó fẹ́ràn, dípò kí ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé ti àwọn yòókù.

Ẹ má ṣe rò pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1972, ọkọ̀ 401 ti ilé iṣẹ́ Eastern Air Lines gbéra láti New York, ó fẹ́ balẹ̀ ní Miami. Ènìyàn 176 ló wà nínú rẹ̀. Iná kékeré kan wà tó yẹ kí ó tàn láti fi hàn pé ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ti jáde dáadáa. Iná náà kò tàn, nítorí pé gílóòbù rẹ̀ ti jó. Àwọn awakọ̀ gòkè padà sí nǹkan bí mítà 600, wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì dojú kọ ọ̀rọ̀ iná náà. Ẹ̀rọ tó yẹ kí ó di ọkọ̀ mú sókè tú láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Aago ń sọ ọ́ lójú wọn. Agogo ìkìlọ̀ tilẹ̀ dún. Kò sí ẹni tó kọbi ara sí i. Ọkọ̀ náà já sínú irà Everglades, ènìyàn 101 sì kú. Gílóòbù kékeré kan ló gba ojú gbogbo wọn.

Ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí irú rẹ̀ tó tún ṣẹlẹ̀ ní San Francisco, ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2013. Ọkọ̀ Asiana 214 ń bọ̀ láti Seoul, ilẹ̀ ti mọ́, ojú ọjọ́ sì dára. Àwọn awakọ̀ rò pé ẹ̀rọ ń bá wọn tọ́jú ìyára ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kò ṣe é mọ́. Ó yẹ kí ọkọ̀ máa sá ní nǹkan bí kìlómítà 254 ní wákàtí kan. Ó rẹlẹ̀ títí ó fi di nǹkan bí 191. Ìdí ọkọ̀ gbá ògiri tó wà létí omi, níwájú ibi tó yẹ kí ó balẹ̀ sí. Nínú ènìyàn 307, mẹ́ta kú, ọ̀pọ̀ sì farapa. Àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà sọ pé àìṣọ́ aago ìyára bó ti yẹ wà lára ohun tó fà á.

Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe lè kọ́ ojú ní ọgbọ́n, nígbà tí ẹni tó ni ojú fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tó gbé e lọ?

Ohun tí olùkọ́ kò rí tẹ́lẹ̀

Láti ọjọ́ pípẹ́, olùkọ́ ń jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń wo ohun tí ọkọ̀ ń ṣe. Kò lè rí ibi tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ó ní: “Wo aago ìyára rẹ.” Akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn pé: “Ọ̀gá, mo ń wò ó.” Irọ́ kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń pa. Kò sí ẹni tó lè rántí ibi gbogbo tí ojú rẹ̀ fò sí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun tí a rò pé a wò àti ohun tí a wò gan-an kì í sábà dọ́gba.

Àwọn tó kọ́kọ́ fẹ́ mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí ṣe làálàá púpọ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọ̀gbẹ́ni Paul Fitts àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, fi dígí àti kámẹ́rà fíìmù ya ojú àwọn awakọ̀ tó ń fi aago balẹ̀. Wọ́n wá jókòó wo àwòrán náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè ka ibi tí ojú lọ. Iṣẹ́ wọn ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mọ àwọn aago tó yẹ kí wọ́n wà nítòsí ara wọn.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ń ṣe iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí sí ẹyinjú awakọ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà á tàn padà bí oòrùn ti ń tàn padà lára dígí. Kámẹ́rà kékeré, tó wà lára awò ojú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aago, á máa wo ọmọlójú àti ìtànṣán náà pọ̀. Láti inú èyí ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò ibi tí ojú kọjú sí. Inú ẹ̀rọ àfarawé ni wọ́n ti ń lò ó jù, ìyẹn yàrá kan tí wọ́n ṣe bíi ti awakọ̀, tó ń fi àwòrán ilẹ̀ àti ojú ọ̀run hàn, ṣùgbọ́n tí kò kúrò lórí ilẹ̀.

Bí ìdánrawò bá parí, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó wo àwòrán tí wọ́n gbà sílẹ̀. Àmì róbótó kékeré kan á máa fò láti orí aago kan bọ́ sórí òmíràn. Ojú akẹ́kọ̀ọ́ ni àmì yẹn. Ká sọ pé ọkọ̀ ń súnmọ́ ilẹ̀. Àmì náà dúró sórí ọ̀nà ìbalẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kò kúrò níbẹ̀. Láàárín àkókò náà, aago ìyára ń lọ sílẹ̀, àmì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Iyàn ti tán. Olùkọ́ kò ní láti pariwo, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní láti gbèjà ara rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ wà níwájú àwọn méjèèjì.

Ó tún lè fi ojú ọ̀gá hàn ọmọ iṣẹ́. Àwọn tó ti ṣe ìwádìí rí i pé ojú awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í sábà pẹ́ lórí ohun kan. Ó ń wò ó fìrí, ó ń kúrò, ó sì ń tètè padà. Ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni ó máa ń há síbì kan, gẹ́gẹ́ bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé ti ń há sórí ọ̀rọ̀ gígùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò lè fẹnu ṣàlàyé bí ojú wọn ti ń rìn, nítorí pé ó ti mọ́ wọn lára. Àwòrán lè sọ ohun tí ẹnu wọn kò lè sọ.

Ní ilẹ̀ Faransé, ilé iṣẹ́ BEA tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú lo ìmọ̀ yìí nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí nǹkan fi ń dàrú nígbà tí ọkọ̀ tó ń balẹ̀ bá ní láti pa ìbalẹ̀ tì, kí ó sì gòkè padà. Wọ́n fi àwọn awakọ̀ sínú ẹ̀rọ àfarawé, wọ́n sì tọ ipasẹ̀ ojú wọn. Wọ́n rí i pé iṣẹ́ pọ̀ ju àkókò lọ, àti pé ó ṣòro fún àwọn awakọ̀ láti máa ṣọ́ àwọn aago tó ṣe pàtàkì jù lọ. Ìwádìí náà kò parí sí pé ọ̀lẹ ni àwọn awakọ̀. Ó béèrè pé kí ẹ̀kọ́ wọn dára sí i.

Ojú lè wò kí ọkàn má rí

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a ti ṣọ́ra. Èdè wa ti mọ ìyàtọ̀ kan láti ìgbà pípẹ́: wíwò kọ́ ni rírí. Ènìyàn lè máa wò ọ́ nígbà tí o bá ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má sí níbẹ̀. Kámẹ́rà ń rí ojú. Kò rí ọkàn.

Ní ọdún 1980, NASA, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú, tẹ ìwé kan jáde nípa ìdánwò tí wọ́n ṣe. Wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ tó ti mọṣẹ́ balẹ̀ nínú ẹ̀rọ àfarawé. Wọ́n fi àwọn nọ́ńbà aago hàn lórí dígí iwájú, kí awakọ̀ lè máa rí aago àti ọ̀nà pọ̀. Láìsọ fún wọn, wọ́n gbé àwòrán ọkọ̀ òfuurufú mìíràn sí àárín ọ̀nà ìbalẹ̀. Àwọn kan nínú wọn kò rí i rárá. Wọ́n ń balẹ̀ lọ bí ẹni pé ọ̀nà ṣófo, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ńlá ló wà níwájú ojú wọn.

Nítorí náà, bí àmì róbótó bá dé orí aago, kò túmọ̀ sí pé awakọ̀ mọ ohun tí aago náà sọ. Bí kò bá sì dé ibẹ̀, ó lè ní ìdí tó dára. Bóyá ẹnì kejì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ka nọ́ńbà náà sí i létí ni. Àmì náà ń mú ìbéèrè wá ni, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Olùkọ́ ló gbọ́dọ̀ béèrè pé: “Kí ni aago náà sọ fún ọ? Kí lo ń rò lásìkò yẹn?” Akẹ́kọ̀ọ́ ló sì gbọ́dọ̀ lè dáhùn láìbẹ̀rù. Bí ìdáhùn òtítọ́ kò bá sí, àwòrán náà di àmì lásán tó ń fò kiri.

Ẹ fi sílẹ̀ fún olùkọ́

Èyí ló mú mi sọ pé kò yẹ kí a fi ipasẹ̀ ojú ṣe ìdájọ́. Bí ilé iṣẹ́ bá sọ pé ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá dé aago ìyára ní ìwọ̀n ìgbà báyìí kò yege, kí ni awakọ̀ yóò ṣe? Yóò máa pín ojú fún àwọn aago bí ẹni tó ń pín owó, kí iye rẹ̀ ṣáà pé. Ojú rẹ̀ yóò dé gbogbo ibi tí kámẹ́rà ń fẹ́, ọkàn rẹ̀ yóò sì wà lọ́dọ̀ kámẹ́rà dípò ọkọ̀. A ó wá ní awakọ̀ tó mọ bí a ti ń tẹ́ ẹ̀rọ lọ́rùn, tí kò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìwé ní àgbà mọ ohun tí mò ń sọ. Bí olùkọ́ bá fi ẹni tó ka ọ̀rọ̀ kan ní àkàtúnkà ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni náà lè má padà sí kíláàsì mọ́. Bí ó bá sì padà, yóò máa bo àìmọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí olùkọ́ rẹ̀ fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà tó fò, tó sì ní kí ó tún un kà, ni ó ń mọ̀wé. Iṣẹ́ ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ̀kọ́: ọ̀kan ń báni wí, ọ̀kan ń fani mọ́ra.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe ohun ìfiṣeré. Wọ́n á ní bí ẹ̀rọ bá ti fi hàn pé ojú awakọ̀ kò dúró síbi iṣẹ́, kí wọ́n mú un kúrò kí ó tó pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìdánwò ti wà tẹ́lẹ̀. Awakọ̀ tó ń gbé èrò fún ilé iṣẹ́ ń dánwò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, olùdánwò sì lè sọ pé kò yege. Ohun tí ọkọ̀ ṣe lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a lẹ́jọ́: bóyá ìyára tọ́, bóyá ó balẹ̀ síbi tó yẹ, bóyá òun àti ẹnì kejì rẹ̀ gbọ́ ara wọn yé. Kí ìdánwò wà láàyè rẹ̀, kí ẹ̀kọ́ sì wà láàyè tirẹ̀.

Ayé òfuurufú ti mọ irú ìyàtọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Àpótí kan wà nínú ọkọ̀ tó ń gba ohùn àwọn awakọ̀ sílẹ̀. Àjọ OACI, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú, tí orílẹ̀-èdè Benin jẹ́ ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ti fi òfin dáàbò bo ohùn náà. Torí ìwádìí ìjàǹbá ni wọ́n ṣe ń gbà á sílẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ lò ó fún ohun mìíràn àfi bí aláṣẹ tó ní ẹ̀tọ́ bá pinnu bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun lè di ẹjọ́ kò ní sọ òtítọ́ mọ́. Bí a bá lè dáàbò bo ohùn, kí ló dé tí a kò lè dáàbò bo ojú?

Ohun tí mo dábàá kò le. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wà níbẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá ń wo àwòrán ojú rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe fi iye ìgbà tí ojú lọ síbì kan nìkan fún un ní máàkì. Kí wọ́n pa àwòrán náà rẹ́ bí ẹ̀kọ́ bá parí, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà kí wọ́n fi kọ́ ẹlòmíràn. Lékè gbogbo rẹ̀, kí wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ ní bí a ti ń fi àwòrán náà béèrè ọ̀rọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ olówó iyebíye lọ́wọ́ olùkọ́ tí kò mọ ìbéèrè í bi kò wúlò ju dígí lọ́wọ́ afọ́jú lọ.

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Kùtọ̀nú tàbí ní Lomé kò mọ ẹni tó jókòó síwájú. Kò mọ ibi tó ti kọ́ṣẹ́, kò sì lè bi í. Ojú onítọ̀hún ló gbé ara rẹ̀ lé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Toulouse tàbí Amẹ́ríkà ni ẹ̀rọ náà wà. Ẹni tí mo fẹ́ kí ó gbé mi ni ẹni tó ti rí àṣìṣe ojú ara rẹ̀, tó ti sọ ọ́ fún olùkọ́ rẹ̀ láìbẹ̀rù, tó sì ti tún un ṣe kí èmi tó wọ ọkọ̀.